Aune Bá Reijo Sọ̀rọ̀ Lẹ́bàá Omi

Reijo, òtútù Thunder Bay ti dé ibi tó máa ń dé.
Yìnyín ti gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa dé ìkẹta,
irun imú mi ń dì bí mo ṣe ń mí,
síbẹ̀ mo ṣí ìdérí omi rẹ lálẹ́ yìí,
ooru fò jáde, ó gbá mi lójú
bí ẹni tó ti ń dúró dè mí láti àárọ̀.

Ọdún méjìlá lo fi tọ́jú omi yìí bí àkọ́bí.
Bàbá rẹ ní sáúnà ni ti ọmọ Finland,
omi gbígbóná, adìyẹ la fi ń ṣí níyẹ̀ẹ́.
Èmi náà ní, "Ọkùnrin yìí, omi ni, kì í ṣe ìyàwó kejì."
O ò dáhùn. O ti bébà kékeré yẹn bọ omi,
o ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú,
o gbé e síwájú gílóòbù bí ẹni ń yẹ owó wò,
o wá kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ búlúù:
*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Méje àtààbọ̀. Ó dára.*

Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò fọwọ́ kan ìwé náà.
Tauno, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ló gbé ẹ̀rọ ósóònù wá,
àpótí kan báyìí, kò ju búrẹ́dì lọ.
Ó ní, "Àǹtí, ẹ da kẹ́míkà yẹn nù,
afẹ́fẹ́ inú mànàmáná lèyí, òun nìkan tó omi í fọ̀."
Àárẹ̀ ti mú mi. Mo gbà á gbọ́.
Ó ń kùn lábẹ́ pákó láti òru mọ́jú,
ó ń tú ìfófòó wẹ́wẹ́ sínú omi,
òórùn rẹ̀ bí ìgbà tí ààrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán lórí adágún ńlá.
Mo sì ń rí oorun sùn.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa parí,
omi ti ràn bí ojú ajá wa àtijọ́,
ara ògiri rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹja.
Nǹkan pupa sú sí mi nítan.
Lempi tó wá wẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tirẹ̀ sú sẹ́yìn,
kò sì pè mí mọ́.

Ni mo bá ṣí ìwé rẹ.
Láàárín déètì àti iye, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù:
*Ósóònù: òṣìṣẹ́ tó yára ni.
Ó dé, ó pa ohun tó bá bá, ó lọ. Kì í sùn síbẹ̀.
Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò dá a dúró?
Fi kilorínì díẹ̀ ṣọ́lé. Ó wọ́n. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀.*

Lọ́dún tó ń bọ̀, Reijo.

Mo fa omi náà dànù kí yìnyín tó dé,
mo fọ ògiri, mo fọ fílítà, mo bú ẹ lẹ́ẹ̀kan.
Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo kẹ̀yìn sí atẹ́gùn.
Kẹ́míkà là ń dà sómi, a kì í da omi sí kẹ́míkà:
mo gbọ́ igbe rẹ, má pariwo.
Bí mo ṣe ṣí ike kilorínì yẹn,
òórùn ọrùn rẹ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ló jáde,
èyí tí mo máa ń ní kí o lọ fi ọṣẹ fọ̀ kí o tó sùn tì mí.
Mo jókòó sórí yìnyín. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Ṣíbí kan ló tó báyìí níbi tí o ti ń lo méjì,
ẹ̀rọ Tauno ń ṣe ìyókù. Ẹ̀yin méjèèjì ò purọ́ tán.
Màá pe Lempi. Bóyá lọ́la.

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun*, mo kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
*Méje lé díẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó mẹ́jọ. Ó ga.
Màá tún un wò láàárọ̀.*